Owó ìrìnnà sí ibi iṣẹ́

Owó ìrìnnà sí ibi iṣẹ́ ni owó tí òṣìṣẹ́ ń ná láti ilé rẹ̀ dé ibi iṣẹ́ àti láti ibẹ̀ padà sílé: owó ọkọ̀ èrò, owó ọkọ̀ ojú irin, owó epo fún ẹni tó ní ọkọ̀ tirẹ̀, àti owó ìgbọ́kọ̀sí. Ìdáhùn sí ìbéèrè nípa ẹni tó yẹ kó san án, yálà òṣìṣẹ́ tàbí agbanisíṣẹ́, yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ní Bràsíl òfin pín in láàárín àwọn méjèèjì. Ní Faransé agbanisíṣẹ́ ń san ìdajì owó káàdì ọkọ̀ èrò. Ní Jàpáàn kò sí òfin tó fi dandan mú agbanisíṣẹ́, síbẹ̀ ó ti di àṣà pé kí ilé iṣẹ́ san án, ìjọba kò sì gba owó orí lórí rẹ̀ bí kò bá ju yẹ́ẹ̀nì 150,000 lọ lóṣù. Ní Nàìjíríà, òṣìṣẹ́ ni ẹrù náà wà lórí rẹ̀, àyàfi tí àdéhùn iṣẹ́ bá sọ ohun mìíràn.

Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kéré ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jùlọ, nítorí pé owó ọkọ̀ kì í wo iye tí ènìyàn ń gbà. Bí ọ̀gá àgbà àti agbálẹ̀ bá jọ wọ ọkọ̀ kan náà, iye kan náà ni wọn yóò san.

Ìrìn ta ni?

Àríyànjiyàn tó wà lórí ọ̀rọ̀ yìí dá lórí bóyá ìrìn láti ilé sí ibi iṣẹ́ jẹ́ apá kan iṣẹ́ fúnra rẹ̀, tàbí ọ̀rọ̀ tó kan òṣìṣẹ́ nìkan. Òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ya oríṣi ìrìn méjì sọ́tọ̀. Èyí tí òṣìṣẹ́ rìn lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n rán akọ̀wé láti ọ́fíìsì lọ sí ilé ìfowópamọ́, agbanisíṣẹ́ ni yóò san owó rẹ̀. Èyí tó rìn kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò san án.

Ẹjọ́ tí àwọn amòfin sábà máa ń tọ́ka sí lórí èyí ni ti Ricketts àti Colquhoun, tó wà nínú ìwé ìdájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1926. Ricketts jẹ́ agbẹjọ́rò tó ń gbé, tó sì ń ṣiṣẹ́, ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ adájọ́ ní ìlú Portsmouth. Ó ní kí wọ́n yọ owó ọkọ̀ ojú irin tí òun ń wọ̀ lọ sí Portsmouth kúrò nínú owó tí wọn yóò bu owó orí lé. Wọ́n kọ̀ fún un. Èrò àwọn adájọ́ ni pé ìgbà tó bá dé Portsmouth ni iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Pé ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ohun tó yàn fúnra rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ owó orí ni ẹjọ́ náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n àlàyé tó wà nínú rẹ̀ ni àwọn agbanisíṣẹ́ ń ṣe títí di òní.

Ọ̀rọ̀ pé òṣìṣẹ́ ló yan ibi tó ń gbé ni gbogbo ìlànà yìí rọ̀ mọ́, ibẹ̀ náà sì ni kò ti lágbára tó. Agbẹjọ́rò tó rí jájẹ lè yan ìlú tó wù ú. Agbálẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island l'Ékòó kò dédé yan Mowe tàbí Ìkòròdú láti máa gbé. Owó ilé tó wà ní àyíká ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló lé e lọ síbẹ̀.

Àwọn ilé ẹjọ́ mìíràn ti rí èyí. Ní Jámánì, òfin gba òṣìṣẹ́ láàyè láti yọ iye kan fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín ilé àti ibi iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú owó tí wọn yóò bu owó orí lé. Nígbà tó di ọdún 2007, ìjọba yọ 20 kìlómítà àkọ́kọ́ kúrò nínú ìṣirò náà, wọ́n ní ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 2008, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà fagi lé e, ìṣirò sì padà bẹ̀rẹ̀ láti kìlómítà àkọ́kọ́. Bákan náà ni ti Spéìn, níbi tí ilé iṣẹ́ kan tó ń so ẹ̀rọ ààbò mọ́ ilé àwọn oníbàárà ti ti àwọn ọ́fíìsì rẹ̀ tó wà ní ẹkùn pa, tó wá di pé láti ilé ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń lọ tààrà sọ́dọ̀ oníbàárà àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, Ilé Ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dájọ́ pé àkókò iṣẹ́ ni àkókò ìrìn yẹn, nítorí pé agbanisíṣẹ́ ló ti ọ́fíìsì pa. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ló yàn bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ilé àti iṣẹ́ wà pọ̀

Ìbéèrè yìí kò ti pẹ́ láyé. Alágbẹ̀dẹ àtijọ́ ń rọ ọkọ́ àti àdá nínú agbo ilé rẹ̀ tàbí nítòsí rẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sábà máa ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ jìnnà ń sùn ní abà. Nígbà tí iṣẹ́ olówó oṣù dé, àwọn agbanisíṣẹ́ ńlá kan kọ́ ilé fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Àwọn ilé òṣìṣẹ́ reluwé tó wà ní Ẹ̀búté Mẹ́tta l'Ékòó jẹ́ àpẹẹrẹ kan tó ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ kò nílò owó ọkọ̀ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ilé náà yóò bọ́. Bí ìlú ti ń gbòòrò tí àwọn agbanisíṣẹ́ sì ń dáwọ́ ilé kíkọ́ dúró, ìrìn náà gùn sí i, owó rẹ̀ sì di ohun tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ san.

Bràsíl: ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún

Orílẹ̀-èdè tí òfin rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kún jùlọ ni Bràsíl. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1985, lábẹ́ Ààrẹ José Sarney, wọ́n ṣe Òfin 7.418, tó dá ohun tí wọ́n ń pè ní vale-transporte sílẹ̀, èyíinì ni ìwé owó ọkọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, agbanisíṣẹ́ tó bá wù ló ń fún òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òfin mìíràn tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1987 sọ ọ́ di dandan, ó sì kan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé onílé pẹ̀lú.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti ṣàlàyé. Òṣìṣẹ́ yóò kọ àdírẹ́sì rẹ̀ àti àwọn ọkọ̀ tó ń wọ̀ sínú ìwé fún agbanisíṣẹ́. Bó bá parọ́ nínú rẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni lábẹ́ òfin iṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ yóò ra gbogbo owó ọkọ̀ oṣù náà fún un, yóò sì yọ iye tí kò ju ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ gan-an. Ohun tó bá lé, agbanisíṣẹ́ ni yóò fara mọ́ ọn.

Ìṣirò kan yóò jẹ́ kó yéni. Ní ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jùlọ ní Bràsíl jẹ́ R$1,412, owó bọ́ọ̀sì ní São Paulo sì jẹ́ R$4.40. Ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì kan lọ, tó wọ ọ̀kan bọ̀, fún ọjọ́ 22, yóò ná R$193.60. Ìdá 6 nínú owó oṣù rẹ̀ jẹ́ R$84.72, nítorí náà agbanisíṣẹ́ ni yóò san R$108.88 tó kù. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń gba R$4,000, ìdá 6 jẹ́ R$240, èyí tó ju owó ọkọ̀ lọ; irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní èrè kankan níbẹ̀, kò sì ní béèrè fún un. Láìsọ pé tálákà nìkan ni òfin wà fún, ìṣirò náà fúnra rẹ̀ ló ń yà á sọ́tọ̀ fún ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré tí ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n òfin yìí wà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, tíkẹ́ẹ̀tì tí a fi bébà ṣe ni wọ́n ń fún òṣìṣẹ́, nítorí pé ìlànà ìjọba ti ọdún 1987 kò gbà kí agbanisíṣẹ́ fi owó rọ́pò rẹ̀. Àwọn ènìyàn sọ tíkẹ́ẹ̀tì náà di owó: ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ lè fi tirẹ̀ ra oúnjẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń tajà lójú títì. Káàdì ló wá gba ipò rẹ̀. Ti São Paulo bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004.

Òfin náà ní àbùkù méjì tí kò ṣeé fojú fò. Èkíní ni pé ó sọ jíjìn ilé òṣìṣẹ́ di gbèsè agbanisíṣẹ́. Bí ènìyàn méjì bá wá iṣẹ́ kan náà, tí ọ̀kan ń wọ bọ́ọ̀sì kan, tí èkejì ń wọ mẹ́ta, ẹni kejì yóò ná agbanisíṣẹ́ ní owó púpọ̀ sí i lóṣooṣù. Ìdí nìyí tí ìbéèrè nípa ibi tí ènìyàn ń gbé fi máa ń jáde nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́, tí àwọn tó ń gbé ní ẹ̀yìn ìlú sì ń ráhùn pé àdírẹ́sì àwọn ni kò jẹ́ kí àwọn ríṣẹ́. Èkejì ni pé ẹni tó ní agbanisíṣẹ́ lábẹ́ òfin nìkan ló wà fún. Nígbà tí owó ọkọ̀ ní São Paulo lọ sókè láti R$3.00 sí R$3.20 ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, ìwọ́de tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ tàn dé gbogbo orílẹ̀-èdè náà, títí tí wọ́n fi dá owó náà padà ní ọjọ́ 19 oṣù yẹn. Òṣìṣẹ́ tó ní vale-transporte lè má mọ ìyàtọ̀ náà lára. Akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó ń wáṣẹ́ àti ẹni tó ń tajà lójú ọ̀nà ló mọ̀ ọ́n.

Faransé: owó tí kò wo àdírẹ́sì

Faransé yanjú àbùkù àkọ́kọ́ yẹn lọ́nà kan. Láti ọdún 1971 ni òfin ti ń gba owó orí kan lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́ ní agbègbè Paris fún ìtọ́jú ọkọ̀ èrò. Ó dé àwọn ìlú ńlá mìíràn ní ọdún 1973. Àpapọ̀ owó oṣù tí ilé iṣẹ́ ń san ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó 11 ló sì kàn lónìí. Nítorí pé kò sí ohun tó pa owó yìí pọ̀ mọ́ ibi tí òṣìṣẹ́ ń gbé, agbanisíṣẹ́ kò ní ìdí láti béèrè àdírẹ́sì kó tó gba ènìyàn síṣẹ́. Èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ pẹ̀lú ń jẹ èrè ọkọ̀ èrò: láìsí rẹ̀, òṣìṣẹ́ kò ní lè dé.

Yàtọ̀ sí èyí, òfin ọdún 1982 ní kí agbanisíṣẹ́ ní agbègbè Paris dá ìdajì owó káàdì ọkọ̀ padà fún òṣìṣẹ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2009, gbogbo Faransé ni ó kàn. Ní ọdún 2025 káàdì oṣù kan ní agbègbè Paris jẹ́ 88.80 yúrò, tó fi jẹ́ pé 44.40 ni òṣìṣẹ́ ń san gan-an.

Nàìjíríà

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ̀rọ̀ lórí ìrìnnà, ṣùgbọ́n ìrìn tó mẹ́nu bà kì í ṣe ti ilé sí ibi iṣẹ́. Ohun tó sọ ni pé bí wọ́n bá ní kí òṣìṣẹ́ rìn tó kìlómítà 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ sí ibi iṣẹ́ mìíràn, ó ní ẹ̀tọ́ sí ọkọ̀ ọ̀fẹ́ tàbí owó tó dípò rẹ̀. Ẹni tó ń ti Ṣàngó Ọ̀tà lọ sí Ìkẹjà lójoojúmọ́ kò rí ara rẹ̀ nínú òfin náà.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ìrìnnà kò ṣàjèjì sí ìwé owó oṣù ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló pín owó oṣù sí owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ìrìnnà, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba kan sì ní bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́. Láti ọdún 2003, nígbà ìjọba Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ìjọba àpapọ̀ sọ púpọ̀ nínú àwọn ohun tí wọ́n ń pèsè fún òṣìṣẹ́, bí ilé àti ọkọ̀, di owó tí wọ́n ń san pọ̀ mọ́ owó oṣù. Irú owó ìrìnnà bẹ́ẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀nà: ipò iṣẹ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí ọ́fíìsì àti ẹni tó ń ti Ibafo bọ̀ ń gba iye kan náà bí ipò wọn bá dọ́gba. Orúkọ tí wọ́n pe owó náà ṣe pàtàkì ju bí ó ti yẹ lọ. Òfin Owó Ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ máa fi ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún pamọ́, kí òṣìṣẹ́ fi ìdá 8, àti pé owó tí wọn yóò fi ṣírò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín sí àpapọ̀ owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ìrìnnà. Agbanisíṣẹ́ tó bá yọ owó ìrìnnà kúrò, tó sì fún un ní orúkọ mìíràn, lè dín owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ kù láìjẹ́ pé kọ́bọ̀ kan yọ nínú owó oṣù.

Ohun tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ti gbogbo ilé ni ìkéde tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, jálá... èyíinì ni lítà epo kan, tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀, súnmọ́ ₦500 l'Ékòó, kò sì dúró síbẹ̀. Owó dánfó, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ márúwá tẹ̀lé e. Owó oṣù tó kéré jùlọ kò kúrò ní ₦30,000 ti ọdún 2019 títí di oṣù Keje ọdún 2024, nígbà tó di ₦70,000.

Ọ̀nà tí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan gbé e gbà yẹ fún àfiyèsí. Kàkà kí wọ́n san owó ìrìn náà, wọ́n dín ìrìn fúnra rẹ̀ kù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Kwárà àti Ẹdó sọ ọjọ́ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba di mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Èkó ní kí àwọn tó wà ní ipele 1 sí 14 máa wá ní ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ti ipele 15 sí 17 ní ọjọ́ mẹ́rin, ṣùgbọ́n kí àwọn olùkọ́ máa wá ní ọjọ́ márùn-ún, pẹ̀lú ìlérí owó ìrìnnà fún wọn. Ìyàtọ̀ tí wọ́n ṣe fún olùkọ́ fi ohun kan hàn: níbi tí iṣẹ́ kò bá ti lè ṣe láìsí ènìyàn níbẹ̀, agbanisíṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbà pé owó ọkọ̀ kan òun.

Bí ẹnì kan tó ń gba ₦70,000 bá ń ná ₦2,000 lójúmọ́ láti lọ àti láti bọ̀, ọjọ́ 22 yóò jẹ́ ₦44,000, ohun tó kù fún oúnjẹ, owó ilé àti owó ilé ìwé ọmọ kò ju ₦26,000 lọ. Lábẹ́ ìlànà Bràsíl, òun ì bá san ₦4,200 péré, agbanisíṣẹ́ ì bá sì san ₦39,800. Ìṣirò kan náà yìí ló fi ìṣòro rẹ̀ hàn: fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó sì gba ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹrù náà ju ìdajì owó oṣù mìíràn lọ, ohun tí yóò sì kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni láti wá ẹni tó ń gbé ládùúgbò. Bákan náà, alásọ, aránṣọ, mẹkáníìkì àti ọ̀pọ̀ mìíràn ní Nàìjíríà ló jẹ́ ọ̀gá ara wọn. Òfin tó bá dá lórí agbanisíṣẹ́ kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Owó ọkọ̀ tó dínkù fún gbogbo ènìyàn, irú èyí tí ìjọba Èkó ṣe nígbà tó dín owó àwọn bọ́ọ̀sì tirẹ̀ kù sí ìdajì ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, ló lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Owó ìgbọ́kọ̀sí

Àyè ìgbọ́kọ̀sí ní ibi iṣẹ́ jẹ́ owó ìrìnnà tí a kì í sábà rí bí owó. Agbanisíṣẹ́ tó fún òṣìṣẹ́ ní àyè ọ̀fẹ́ ti san nǹkan fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọkọ̀ nìkan ló rí i gbà. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1993, òfin owó orí fàyè gba agbanisíṣẹ́ láti pèsè àyè ìgbọ́kọ̀sí tó tó dọ́là 155 lóṣù láìsí owó orí, nígbà tí ti ọkọ̀ èrò kò gbọ́dọ̀ ju dọ́là 60 lọ. Ìpín òṣìṣẹ́ tó ní ọkọ̀ ju ìlọ́po méjì ti ẹni tí kò ní lọ. Ó di ọdún 2015 kí òfin tó sọ wọ́n di ọgbọọgba títí láé.

Donald Shoup, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì UCLA, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi hàn pé àyè ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Òfin kan ní Kalifọ́níà ní ọdún 1992 ní kí àwọn agbanisíṣẹ́ kan tó ń háyà àyè ìgbọ́kọ̀sí fún òṣìṣẹ́ fún wọn láǹfààní láti gba owó àyè náà dípò rẹ̀. Nígbà tí Shoup yẹ ilé iṣẹ́ mẹ́jọ tó ṣe bẹ́ẹ̀ wò, ìpín àwọn tó ń dá wa ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ti dínkù láti ìdá 76 sí ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú wọn. Wọ́n kàn rí iye tí àyè náà ń jẹ ni.

Ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà tó le jù bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2012 ni ó ti ń gba owó lọ́dọọdún lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ tó ní àyè ìgbọ́kọ̀sí 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pọ́ùn 288 fún àyè kọ̀ọ̀kan ní ọdún àkọ́kọ́, ó sì fi owó náà ṣe ọ̀nà tíráàmù tuntun tó ṣí ní ọdún 2015. Òfin kò sọ pé kí agbanisíṣẹ́ má gba owó náà padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́, àwọn kan sì gbà á padà.

Ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀rọ̀ ìgbọ́kọ̀sí gbóná jù, nítorí pé nọ́ọ̀sì tó parí iṣẹ́ òru lè má rí bọ́ọ̀sì kankan wọ̀. Ó kan ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó lọ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. Scotland fòpin sí owó ìgbọ́kọ̀sí ní ọ̀pọ̀ jùlọ ilé ìwòsàn rẹ̀ ní òpin ọdún 2008. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ fún òṣìṣẹ́ ìlera ní oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, wọ́n sì dá a dúró ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2022, àyàfi fún àwọn ẹgbẹ́ kan bí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru.

Ọkọ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn

Luxembourg mú ìbéèrè náà kúrò nílẹ̀ pátápátá: láti òpin oṣù Kejì ọdún 2020, bọ́ọ̀sì, tíráàmù àti ọkọ̀ ojú irin ti di ọ̀fẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, àyàfi ìjókòó ipò kìíní nínú ọkọ̀ ojú irin. Owó orí ni wọ́n fi ń san án, tí agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ jọ ń dá. Ṣùgbọ́n apá ńlá nínú àwọn òṣìṣẹ́ Luxembourg ló ń ti Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì wá lójoojúmọ́, púpọ̀ nínú wọn nítorí pé owó ilé ní Luxembourg ju agbára wọn lọ. Àwọn yẹn ṣì ń san owó ọkọ̀ tiwọn dé ẹnu ibodè.